Ojú Òpó Tí Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́ Lè Lò

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ojú òpó ayélujára sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Yábàá, Èkó)

 

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún wa. Àwa mẹ́ta tí ẹgbẹ́ yàn pé kí a mójú tó ọ̀rọ̀ ojú òpó ayélujára ni a jọ kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu ẹnì kan ló kàn ń ti jáde. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìpàdé oṣù tó kọjá fẹnu kò sí: pé lẹ́yìn àjọ̀dún yìí, orí ojú òpó náà ni owó oṣù, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìkéde ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó, àwòrán wa, àti ìwé àjọ̀dún tó wà lọ́wọ́ yín yìí yóò máa wà. A kò wá sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀ tí a ó kùn ún. Ìyẹn, ẹ ti jà á tán. Ẹni tí kò ní lè wọlé síbẹ̀ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀kan nínú wa ló gbé e wá. Ó ní kí a má dárúkọ òun, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí òun ni akọ̀wé owó wa láti ọdún kẹta tí a ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àrùn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma ló gba ìríran rẹ̀. Bí àrùn náà sì ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dun ènìyàn rárá, ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kí onítọ̀hún tó fura, ó ti jẹ jìnnà, èyí tó sì ti lọ kì í padà bọ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò láti ìgbà tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún, ẹ fi ti àjọ̀dún yìí lọ.) Síbẹ̀, kò tí ì sí oṣù kan tí ìṣirò ọkùnrin yìí yingin. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń ka owó wa fún un létí, òun náà á sì tẹ èsì rẹ̀ padà. Àwọn kan wà láàárín wa tí ojú wọn dá ṣáká tí wọ́n ṣì jẹ gbèsè owó oṣù mẹ́jọ.

Nígbà tí ìpàdé fọwọ́ sí ojú òpó yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: “Ṣé èmi náà á lè lò ó?” Ilé dákẹ́. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò gba iṣẹ́ owó lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó ṣi owó kà, kì í sì ṣe nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin tí a ní kó wá kọ́ ojú òpó fún wa ni kò ní rántí rẹ̀, ìyẹn ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibùdókọ̀ Yábàá níbí. Ẹni tí kò ríran tó bá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá funfun rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka ara ọkọ̀ fún un. Kọ́ńdọ́ ti ń pariwo: “Ojúẹlẹ́gba, Sitédíọ̀mù! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Ibi tí ọkọ̀ ń lọ, iye owó rẹ̀, bóyá àyè ṣì wà, bóyá ó ti fẹ́ gbéra, gbogbo rẹ̀ ni ẹnu kọ́ńdọ́ ti sọ. A máa ń bú àwọn kọ́ńdọ́ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò ríran ní Èkó, ìjọba kankan kò tí ì ṣe tó o.

Fóònù náà ní kọ́ńdọ́ tirẹ̀. Lórí Android, TalkBack ni wọ́n ń pè é. Lórí iPhone, VoiceOver ni. Ó ti wà nínú fóònù tó wà lápò yín báyìí, ẹ kò san kọ́bọ̀ lé e. Bí ẹ bá ṣí i, tí ẹ fi ìka gbá ojú fóònù sí apá ọ̀tún, á bọ́ sórí ohun tó kàn, á sì sọ orúkọ rẹ̀ àti irú ohun tó jẹ́: “Owó oṣù, bọ́tìnnì.” Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ ń wá nìyẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Ti orí kọ̀ǹpútà náà wà. JAWS ti wà fún Windows láti ọdún 1995, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni. Ní ọdún 2006 ni ọ̀dọ́kùnrin kan ní Australia, Michael Curran, bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní NVDA, James Teh sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì kò ríran. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ẹni tó ríran á ra kọ̀ǹpútà, á lọ sílé. Ẹni tí kò ríran á ra kọ̀ǹpútà, á tún lọ ra ohùn tí yóò kà á, ohùn náà sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi NVDA sílẹ̀, ọ̀fẹ́ náà ló ṣì jẹ́ títí dòní. Òun ni akọ̀wé owó wa ń lò.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Kọ́ńdọ́ inú fóònù yìí kì í dá ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí ẹni tó kọ́ ojú òpó bá kọ sílẹ̀ fún un ló ń kà. Tí ẹni náà bá gbé àwòrán síbẹ̀, tí kò kọ gbólóhùn kan tì í láti sọ ohun tó wà níbẹ̀, fóònù á kàn sọ pé “àwòrán”, tàbí kó máa ka nọ́ńbà tí kámẹ́rà fún un, bíi “IMG 2047”. Tí ẹni náà bá ya àpótí tí a ó kọ orúkọ wa sí, tí kò so ọ̀rọ̀ “Orúkọ” mọ́ ọn dáadáa, fóònù á ní “kọ nǹkan síbí”, kò ní sọ nǹkan tí à ń kọ. Ọkọ̀ dé, ọkọ̀ dúró, kọ́ńdọ́ yadi. Ọkọ̀ ibo ni?

Ẹ wo fláyà tí gbogbo wa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìsìnkú màmá ẹnì kan: déètì, gbọ̀ngàn, aṣọ ẹbí àti iye rẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n yà sínú àwòrán kan tó rẹwà. Ẹni tó ríran kà á tán kí ó tó mí. Ohun tí akọ̀wé owó wa gbọ́ ni “àwòrán”. Bó bá lọ síbi ìnáwó náà pẹ̀lú aṣọ tí kò bá tiwa mu, ṣé ẹ̀bi rẹ̀ ni? Ẹni tó fi fláyà náà ránṣẹ́ ì bá tẹ ìlà mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, tọ̀ún tìyẹn á sì dọ́gba. Èyí kò nílò òyìnbó kankan, kò sì nílò owó. Láti ọ̀la ló lè bẹ̀rẹ̀ lórí ìkànnì WhatsApp ẹgbẹ́ wa.

Èyí tó dùn wá jù ni ti báńkì kan, tí a kò ní dárúkọ. Ọdún méjì gbáko ni ọ̀rẹ́ wa yìí fi lo áàpù wọn fúnra rẹ̀: ó ń mọ iye tó kù, ó ń fi owó ránṣẹ́, ó ń ra káàdì ìpè. Lọ́jọ́ kan wọ́n tún áàpù náà ṣe kí ó lè rẹwà sí i. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, ohun tí fóònù rẹ̀ ń sọ kò ju “bọ́tìnnì, bọ́tìnnì, bọ́tìnnì” lọ. Wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ kúrò, wọ́n fi àwòrán kéékèèké rọ́pò wọn, wọn kò sì fún ìkankan nínú wọn lórúkọ. Nínú bọ́tìnnì mẹ́sàn-án, èwo ló ń fi owó ránṣẹ́, èwo ló ń yá owó? Ó ní láti pe ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wà nílé kó wá bá òun tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni pé ó ní láti sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ síta. Ọmọ dáadáa ni, kò mú kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ wá di ẹni tí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ń wo iye tó kù nínú àkáǹtì rẹ̀, kó tó lè ra gáàsì ìdáná. Orúkọ tí wọn ì bá kọ sára bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan kò ju ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta lọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ríran nìkan ni. Ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ọmọbìnrin tí kò gbọ́ràn. Bí a bá gbé fídíò ayẹyẹ òní sórí ojú òpó láìkọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹnu tó ń ṣí tó ń pa ni yóò rí. Ẹlòmíràn nínú wa ní àrùn rọpárọsẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè tẹ bọ́tìnnì tó kéré bí ẹyọ ìrẹsì, kò sì lè fi máòsì tọ́ka. Kíbọọ̀dù nìkan ló lè lò: á tẹ Tab, á tẹ Tab, títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Ojú òpó tí wọ́n bá kọ́ dáadáa, kíbọọ̀dù nìkan tó o láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn mìíràn a máa lé ènìyàn jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá tó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ tán.

Àwa yòókù ńkọ́? A ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tàbí kó ku díẹ̀. Ta ni kò ní na fóònù jìnnà sí ojú kó tó lè ka nǹkan nínú gbọ̀ngàn yìí? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ojú òpó sì fẹ́ràn lẹ́tà tó rí bí eérú lórí ojú ewé funfun, wọ́n ní ó bá ìgbà mu. Òṣùwọ̀n wà fún un: ìmọ́lẹ̀ lẹ́tà àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 4.5 sí 1 yàtọ̀ síra wọn, àwọn ohun èlò ọ̀fẹ́ sì wà tí yóò wọ̀n ọ́n fún ni. Tí ẹ kò bá fẹ́ ìṣirò, ẹ gbé fóònù yín jáde sí iwájú ọjà Tẹ́júoṣó ní aago kan ọ̀sán. Bí ẹ kò bá lè kà á nínú oòrùn, kò tó.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní ọdún 2022 pé àwọn tí ìpèníjà ara bá lọ́nà tó lágbára tó bílíọ̀nù 1.3 láyé, ìyẹn ẹnì kan nínú mẹ́fà. Ẹ ka orí tábìlì tí ẹ jókòó sí.

Àwọn baba wa kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ojú tí wọ́n fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Abuké, arọ, àfín, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, Ọbàtálá ló ni wọ́n, ẹni tó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín ń wá ìjà ẹni tó mọ wọ́n. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni padà sí òrìṣà lónìí o, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ààfáà wa, ẹ fara balẹ̀. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni pé ìlú tó ní ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu kò fi ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí sílẹ̀ fún àánú ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ó sì yẹ kí àdúgbò wa yìí mọ̀ ju ibòmíràn lọ. Láti nǹkan bí ọdún 2011 tí CcHub ti ṣí ilé wọn ní òpópónà Herbert Macaulay, Yábàá ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ áàpù ń rọ́ wá. Wọ́n fún àdúgbò wa ní orúkọ ìnagijẹ tuntun, Yabacon Valley. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, Mark Zuckerberg tó ni Facebook fúnra rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn ní títì wa níbí. Tí ẹ bá sì kúrò ní Yábàá, tí ẹ gba Ojúẹlẹ́gba wọ Sùúrùlérè, ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ Pacelli wà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran, tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní ọdún 1962. Ibẹ̀ ni Cobhams Asuquo ti kàwé, ẹni tó bá Aṣa ṣe àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ kò bá sí, kò jìnnà rárá. Lójú tiwa, àwọn tó ń kọ́ áàpù àti àwọn ọmọ tí áàpù náà ń tì síta ń gbé láàárín ọkọ̀ kan ṣoṣo síra wọn, ó sì yẹ kí wọ́n máa bá ara wọn pàdé ju báyìí lọ.

Pé ó ṣeé ṣe, JAMB fi díẹ̀ hàn wá. Nígbà tí ìdánwò wọn di ti orí kọ̀ǹpútà, ìbẹ̀rù ni fún ọmọ tí kò ríran: ìwé tí wọ́n ń fi Braille kọ, ó mọ̀ ọ́n, gbọ̀ngàn tó kún fún kọ̀ǹpútà tí kò sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ní ọdún 2017, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, JAMB gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ fún irú àwọn olùdánwò bẹ́ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ni alága rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ya ibùdó ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún wọn. Ìdánwò kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló yàtọ̀.

Òfin náà wà, ẹ̀yin lọ́yà wa lè tọ́ wa sọ́nà. Èkó ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2011, nígbà Gómìnà Fashola, òun ló sì bí ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní LASODA. Ti ìjọba àpapọ̀ dé ní oṣù kìíní ọdún 2019: ẹni tó bá ya akàndá sọ́tọ̀ láti fìyà jẹ ẹ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́, mílíọ̀nù kan náírà. Wọ́n fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe, ọdún márùn-ún náà sì ti pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn, ọkọ̀ àti pápákọ̀ òfurufú ni òfin yẹn tẹnu mọ́ jù. Ìwé àdéhùn ti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní kíkún ní ọdún 2010, ló dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì gbangba. Lónìí tí báńkì, ilé ìwé àti ọ́fíìsì ìjọba ti kó lọ sórí fóònù, ẹnu ọ̀nà náà ti kúrò níbi tí òfin wa ń wò.

Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé owó rẹ̀ á pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí Òlíḿpíìkì ìlú Sydney ní ọdún 2000, èyí tí àwọn ọmọ wa ti sáré 4x400 tí wọ́n kọ́kọ́ fún wọn ní fàdákà, tó padà wá di wúrà. Ní ọdún 1999, kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀, ará Australia kan tí kò ríran, Bruce Maguire, fẹjọ́ sùn pé òun kò lè lo ojú òpó wọn: àwọn àwòrán kò ní ọ̀rọ̀ lára, òun kò sì lè dé ibi tí èsì eré wà. Àwọn elétò Òlíḿpíìkì dáhùn pé àtúnṣe rẹ̀ yóò ju mílíọ̀nù méjì dọ́là wọn lọ, yóò sì gbà ju ọdún kan lọ. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n pè láti jẹ́rìí ní irọ́ ni, pé kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, Maguire ló jàre. Wọn kò tún ojú òpó náà ṣe bó ṣe yẹ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dá wọn lẹ́bi pé kí wọ́n san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún dọ́là fún un. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé owó tí wọ́n ń bẹ̀rù, owó àtúnṣe ni. Ẹni tó kọ́lé, tó rẹ́ ẹ tán, tó kùn ún tán, kó tó rántí fèrèsé, owó tirẹ̀ á pọ̀. Tiwa ṣì wà lórí ìwé. A kò tí ì da sìmẹ́ǹtì.

Àwọn òfin iṣẹ́ náà kò sì ṣòro rí. Ẹgbẹ́ tí Tim Berners-Lee, ẹni tó gbé ayélujára kalẹ̀, dá sílẹ̀ ti tẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde láti ọdún 1999. WCAG ni wọ́n ń pè é, èyí tó tuntun nínú wọn, 2.2, jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń kọ́ ojú òpó tí kò gbọ́ orúkọ yẹn rí, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ mìíràn tó tún ń ṣe. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ireland àti Jámánì mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí láti oṣù kẹfà ọdún 2025 ni òfin ti dé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tajà lórí ayélujára níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Ẹnì kan lè wá bá yín pé òun ní nǹkan kékeré kan tí òun yóò lẹ̀ mọ́ igun ojú òpó, tí yóò sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí ilé iṣẹ́ kan tó ń ta irú rẹ̀, accessiBe, san mílíọ̀nù kan dọ́là nítorí ìlérí tó ju agbára ọjà wọn lọ. Àgbo gbogboǹṣe ni. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á nínú ọkọ̀ mólùé.

Ọ̀kan ṣì kù tó jẹ́ tiwa gan-an. Ìdajì ohun tó máa wà lórí ojú òpó wa, Yorùbá ni a ó fi kọ ọ́. Kọ́ńdọ́ inú ọ̀pọ̀ fóònù, Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́. Bí a bá kọ “ọkọ̀”, tí ohùn Gẹ̀ẹ́sì kà á, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ọkọ ni, ọkọ̀ ni, tàbí ọkọ́ tí à ń fi í roko. Akọ̀wé owó wa ní òun a máa rẹ́rìn-ín kí inú tó bí òun. Àwọn ọmọ Yorùbá kan ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kọ́lá Túbọ̀sún, ẹni tó ṣe ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá sórí ayélujára, wà lára àwọn tó ti ń gbìyànjú kí ẹ̀rọ máa fi ohùn wa ka èdè wa. Títí tí ìyẹn yóò fi tàn dé ọ̀dọ̀ wa, àbá wa ni pé kí a ka gbogbo ohun tí a bá fi Yorùbá kọ sórí fóònù, kí a gbé ohùn náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá ẹgbẹ́ wa ní ohùn tó dára, wọ́n sì ti gbà. Kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ má sì lo àwọn lẹ́tà àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣe àmì lọ́gbọ́n-ọgbọ́n. Ojú yóò rí “ẹ”, ẹ̀rọ yóò rí nǹkan mìíràn.

Ohun tí a ń bẹ̀ ìpàdé fún kò pọ̀. A fẹ́ kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé WCAG 2.2, ìpele AA, ni a fẹ́, kí a sì di ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ mú títí di ọjọ́ ìdánwò. Kì í ṣe ọmọkùnrin tó kọ́ ọ ni yóò dán an wò. Akọ̀wé owó wa yóò jókòó síwájú wa pẹ̀lú NVDA, yóò wọlé, yóò kọ owó oṣù ẹnì kan sílẹ̀, yóò sì jáde láìbéèrè ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ wa tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n yóò ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú kíbọọ̀dù. Ọmọbìnrin wa tí kò gbọ́ràn yóò wo fídíò, yóò sì sọ fún wa ohun tí Ààrẹ sọ nínú rẹ̀. A ó fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lówó iṣẹ́ wọn, nítorí iṣẹ́ ni.

Akọ̀wé owó ti sọ pé òun kò ní gba tòun. Ó ní kí a fi san gbèsè oṣù mẹ́jọ tí a mẹ́nu bà níṣàájú, kí òun lè rí nǹkan kà lọ́jọ́ ìdánwò. Ìwé àdéhùn wà lọ́wọ́ akọ̀wé àgbà, ẹni tó bá fẹ́ kà á kí ó bèèrè. A ti ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan ní lẹ́tà gàdàgbà. Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni a ó nawọ́ sókè lé e lórí.